KÍ A TÓ RA FÚLÁÀTÌ: Ẹ JẸ́ KÍ A ṢÍRÒ OHUN TÍ A JỌ NÍ

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé ẹgbẹ́

Bíbélì kíkà: Jeremáyà 32:6-15; Lúùkù 14:28-30; Òwe 31:16

Ète ẹ̀kọ́ yìí: Kí a lè mọ ohun tí ó yẹ kí a bèèrè nípa owó, òfin àti ohun èlò àpapọ̀, kí a tó fi owó wa ra fúláàtì.

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí ọ̀rọ̀ ilé rírà ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo obìnrin oníwà rere inú ìwé Òwe: ó kọ́kọ́ gbé oko náà yẹ̀ wò dáadáa kí ó tó san owó rẹ̀. Olúwa wa Jésù náà fi ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ ṣe àpẹẹrẹ fún wa, pé ó yẹ kí ó jókòó ṣírò owó kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí iṣẹ́ má baà dúró lágbede méjì, kí ó sì di ẹni ẹ̀sín.

Kì í ṣe ilé tí ènìyàn dá kọ́ sórí ilẹ̀ ara rẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Fúláàtì inú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, níbi tí ìdílé mẹ́fà, mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ń gun àtẹ̀gùn kan náà, tí òrùlé kan ṣoṣo sì bo gbogbo wọn. Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Festac àti ní Amuwo-Odofin. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní òkè òkun ń fi owó ránṣẹ́ pé kí a bá àwọn rà á. Àwọn mìíràn nínú wa ń fi owó ìfẹ̀yìntì rà á. Láti 2022 pàápàá, àjọ PenCom ti gbà kí òṣìṣẹ́ mú tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó ìfẹ̀yìntì tí ó ti kó jọ, kí ó fi ṣe owó àkọ́san ilé tí yóò yá owó rà. Owó ọjọ́ alẹ́ wa nìyí. Bí a bá ṣì í ná, ọdún mélòó ni ó kù tí a óò fi rí òmíràn?

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ ARÁBÌNRIN WA KAN

Arábìnrin wa kan, opó ni, gbà wá láàyè láti sọ ìtàn rẹ̀ láì dárúkọ rẹ̀. Owó tí wọ́n san fún un lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ ni ó fi ra fúláàtì oníyàrá méjì ní ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó lọ wo ilé náà, ọ̀sán gangan sì ni, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ògiri dán, ilé ìdáná mọ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Kò tíì pé oṣù kan tí ó kó dé tí àwọn ìgbìmọ̀ ilé mú ìwé wá bá a. Ẹni tí ó tà á fún un ti jẹ owó àpapọ̀ ọdún mẹ́ta, wọ́n sì ní fúláàtì ni ó jẹ gbèsè, ẹni tí ó bá wà níbẹ̀ ni yóò san án. Nígbà tí òjò oṣù June dé, omi ẹ̀gbin àwọn ará òkè bẹ̀rẹ̀ sí í ru jáde nínú balùwẹ̀ rẹ̀. Kò lè dá a tún ṣe, nítorí páìpù náà ti gbogbo ilé ni. Nínú àwọn onífúláàtì mẹ́jọ, mẹ́rin kọ̀ láti dá owó. Owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ni ó fi kún ti àwọn yòókù kí wọ́n tó rí i tún ṣe.

Ẹ kíyè sí i pé arábìnrin wa kò ṣi owó fúláàtì náà ṣírò. Ohun tí ó yí fúláàtì náà ká ni kò ṣírò.

1. OHUN MẸ́TA NI A Ń RÀ LẸ́Ẹ̀KAN ṢOṢO

Ẹni tí ó bá ra fúláàtì ra ohun mẹ́ta. Èkíní ni àwọn yàrá tí ó ní kọ́kọ́rọ́ sí. Èkejì ni ìpín nínú ohun tí gbogbo ilé jọ ní: òrùlé, àtẹ̀gùn, òpó, ọgbà, ẹnu ọ̀nà, kànga ẹ̀rọ, táńkì omi, sókàwéè. Ẹ̀kẹta ni àwọn aládùúgbò, àti àdéhùn tí wọ́n ti bá ara wọn ṣe. Yàrá nìkan ni ajẹ́ntì máa ń fi hàn wá. Àwa ni a gbọ́dọ̀ wá méjì yòókù rí.

2. ÌWÉ ILÉ

Ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́ Festac Town nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú gbogbo àgbáyé, tí a ṣe láti 15 January sí 12 February 1977. Lẹ́yìn àjọ̀dún náà, wọ́n fi ìbò pín àwọn ilé fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, lábẹ́ àjọ ilé gbígbé ti ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní FHA. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ fúláàtì níbẹ̀ ti kọjá lọ́wọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta. Ní apá Amuwo-Odofin ẹ̀wẹ̀, àwọn ilé kan wà tí LSDPC ti ìpínlẹ̀ Èkó kọ́, àwọn kan sì wà tí a ń pè ní Jakande, ní orúkọ gómìnà tí ó wà lórí oyè láti 1979 sí 1983.

Kí a mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni tàbí ti ìpínlẹ̀. Kí a rí ìwé tí a fi pín in fún ẹni àkọ́kọ́, kí a sì rí ìwé tí ó so olúkúlùkù ẹni tí ó ti rà á mọ́ra wọn, títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tà á fún wa. Òfin ilẹ̀ ti 1978 sọ pé a kò lè gbé ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ fún ẹlòmíràn láì gba ìyọ̀ǹda ìjọba. Ìyọ̀ǹda yìí ní owó tirẹ̀, ẹ bèèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó ná ilé náà tán.

Ẹ wo Jeremáyà. Wòlíì Ọlọ́run ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá rẹ̀ ni ó sì ń ta oko fún un. Síbẹ̀ ó wọn ṣékélì fàdákà 17 níwájú ẹlẹ́rìí, ó kọ ìwé méjì, ọ̀kan ní èdìdì, ọ̀kan ní ṣíṣí, ó sì ní kí a kó wọn sínú ìkòkò amọ̀ kí wọ́n lè pẹ́. Bí Jeremáyà bá lè gba ìwé lọ́wọ́ ẹbí, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe sọ pé, “Ọmọ ìjọ wa ni, kò lè rẹ́ mi jẹ.” Ẹ mú lọ́yà dání.

3. OWÓ ÀPAPỌ̀

Owó tí àwọn ajẹ́ntì ń pè ní sáfíìsì ṣáàjì ni a ń sọ yìí. Ẹ bèèrè pé: Èló ni lóṣù? Kí ni ó wà fún? Ta ni ó ń kó o pamọ́? Ǹjẹ́ a lè rí ìwé ìṣirò ọdún méjì sẹ́yìn? Àwọn mélòó ni kì í san?

Kí a má ṣe gbàgbé pé owó yìí kì í dúró sójú kan. Ní oṣù May 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà bẹntiróòlù kan ní Èkó kúrò ní ìsàlẹ̀ N200, ó bọ́ sí òkè N480. Ní April 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tí ó wà ní Band A láti N68 sí N225. Ilé tí ó ń fi iná tàbí jẹnẹrétọ̀ fa omi mọ ohun tí èyí ṣe sí owó oṣooṣù wọn.

Owó oṣù tí ó kéré lè dùn mọ́ wa nínú, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ àmì pé ẹnikẹ́ni kò tọ́jú ilé náà. Ká ní òrùlé fẹ́ gba N4,000,000, tí fúláàtì sì jẹ́ 8. Ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ N500,000. Bí mẹ́ta bá kọ̀ tí wọn kò san, márùn-ún tí ó kù yóò san N800,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà ẹ bèèrè bóyá owó ìpamọ́ wà fún iṣẹ́ ńlá.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá owó nìkan. Ní ìlú Surfside, ní Florida ní Amẹ́ríkà, ilé alájà 12 kan wà létí òkun tí ọ̀pọ̀ ìdílé jọ ni. Ní 2018, ẹnjiníà kan kọ̀wé sí wọn pé omi ń ba kankéré ilé náà jẹ́. Àwọn onílé jiyàn lórí owó àtúnṣe, iye náà sì kọjá mílíọ̀nù 15 dọ́là. Ní òru 24 June 2021, kí iṣẹ́ náà tó lọ jìnnà, apá kan ilé náà wó, ènìyàn 98 sì kú. Àwọn ilé tí a kọ́ sí Festac nítorí 1977 náà kì í ṣe ilé tuntun mọ́. Bí ẹ bá rí irin tí ó yọ jáde lára òpó tàbí ògiri tí ó là, ẹ pe ẹnjiníà kí ẹ tó pe ẹni tí yóò kun ọ̀dà.

Ní South Africa, òfin kò jẹ́ kí a fi orúkọ ẹni tuntun sórí fúláàtì àfi bí ìgbìmọ̀ ilé bá jẹ́rìí pé a ti san gbèsè owó àpapọ̀ orí rẹ̀, tàbí pé a ti ṣètò bí a óò ṣe san án. Àwa náà lè bèèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ ilé kọ ọ́, kí wọ́n fọwọ́ sí i, pé ẹni tí ń tà kò jẹ owó àpapọ̀. Kí a rí ìwé owó iná àti ti Land Use Charge ìpínlẹ̀ Èkó pẹ̀lú. Bí gbèsè bá wà, kí a yọ ọ́ kúrò nínú owó tí a óò san.

4. ÒFIN ILÉ

Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní òfin ilé náà ní kíkọ. Ẹ bèèrè àwọn ohun tí ó kan ìgbé ayé yín gan-an. Ẹni tí ń yan ẹja tàbí tí ń ta omi yìnyín, ǹjẹ́ wọ́n gbà á láàyè? Nígbà wo ni a gbọ́dọ̀ pa jẹnẹrétọ̀? Níbo ni ọkọ̀ wa yóò dúró? Ǹjẹ́ a lè fi ayálégbé síbẹ̀ bí a bá lọ bá ọmọ wa tọ́jú ọmọ? Àwa tí a ń gba ìpàdé àdúrà sílé, ǹjẹ́ aládùúgbò yóò fara dà á? Kí a tún wò bóyá ẹnì kan ti kọ́ ìsọ̀ tàbí yàrá mọ́ ara ilé náà láì gba àṣẹ, nítorí ọjọ́ tí ìjọba bá wá wó o, ògiri gbogbo ilé ni yóò mì.

5. OHUN ÈLÒ ÀPAPỌ̀

Ẹ má ṣe lọ ní ọ̀sán nìkan. Ẹ lọ ní alẹ́, kí ẹ mọ bí ààbò àti ariwo ṣe rí. Ẹ lọ lẹ́yìn òjò ńlá, nítorí ilẹ̀ wa níhìn-ín rẹlẹ̀, ọ̀sà sì sún mọ́ wa. Ẹ gun òkè pátápátá, kí ẹ wo àjà bóyá omi ti ń jò. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi, kí ẹ bu omi náà sínú ike funfun, kí ẹ jẹ́ kí ó dúró di ọjọ́ kejì. Bí ó bá pọ́n bí ìpẹtà, owó sísẹ́ omi tún wà níwájú yín.

Ẹ bèèrè ibi tí ẹ̀gbin ń gbà lọ. Nígbà tí wọ́n kọ́ Festac, páìpù abẹ́ ilẹ̀ tí gbogbo àdúgbò jọ ń lò ni wọ́n ṣètò fún un, kì í ṣe sókàwéè ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ bèèrè èwo ni ilé náà ń lò nísinsìnyí, àti ìgbà tí wọ́n tún un ṣe gbẹ̀yìn. Ẹ bá mẹ́gadì sọ̀rọ̀, ẹ kí ìyá tí ń tajà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ kan ilẹ̀kùn ará òkè. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

6. LẸ́YÌN TÍ A BÁ TI RÀ Á

Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Àwa tí a ń jẹ́ ọmọ Ọlọ́run kò gbọdọ̀ wà lára àwọn tí kì í san owó àpapọ̀. John Wesley kọ́ àwọn baba wa nínú ìwàásù rẹ̀ lórí ìlò owó pé kí a fi òtítọ́ ṣiṣẹ́ rí owó, kí a má ṣe fi í ṣòfò, kí a sì fi ṣe oore. Owó tí a fi tún àtẹ̀gùn ṣe, kí ìyá àgbà má baà ṣubú, oore ni.

Arábìnrin wa tí a sọ ìtàn rẹ̀ kò bá wọn jà. Ó ń lọ láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, ó ń bá àwọn ìyàwó ilé sọ̀rọ̀, títí àwọn mẹ́rin wọ̀nyí fi bẹ̀rẹ̀ sí í san díẹ̀díẹ̀. Òun ni akápò ilé náà báyìí. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ó ń lẹ ìṣirò owó mọ́ ògiri àtẹ̀gùn, kí olúkúlùkù lè kà á.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìdí tí Jeremáyà fi pe ẹlẹ́rìí nígbà tí ó ń ra oko lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀?
2. Nínú ilé tí ìwọ ń gbé, kí ni ẹ jọ ní? Ta ni ń tọ́jú rẹ̀?
3. Báwo ni ẹgbẹ́ wa ṣe lè ran opó tàbí ìyá àgbà tí ó fẹ́ ra ilé lọ́wọ́, kí ó má baà dá lọ?

ÀDÚRÀ: Olúwa, ìwọ tí o pèsè ibùgbé fún wa, fún wa ní ọgbọ́n láti wò kí a tó san owó, àti ọkàn láti bá aládùúgbò wa gbé ní àlàáfíà. Dáàbò bo owó opó àti ti àwọn àgbà wa. Ní orúkọ Jésù. Àmín.