Ta Ni Yóò Bá Aláìsàn Lọ?

Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, àmọ́ ìdajì àkọ́kọ́ rẹ̀ là ń tẹ̀ lé. Bí aṣọ bá ti bọ́ lára ọmọ ọlọ́mọ lójú títì, fóònù la ó kọ́kọ́ fà yọ, a ó ya fọ́tò, a ó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ọjọ́ tó bá kan ọmọ tiwa, ẹ̀rín á di ìbòmọ́lẹ̀. A ó tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìn, a ó sì sọ fún ará àdúgbò pé ó rìnrìn àjò. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìtìjú wèrè lè ba ìgbéyàwó àbúrò jẹ́, torí àwọn àna á ní wèrè ìran wà nínú ìdílé náà. Ṣùgbọ́n ìgbà tí a fi ń bò ó mọ́lẹ̀ yẹn gan-an ni àìsàn fi ń ta gbòǹgbò.

Àwọn àgbà kò fojú kan náà wo gbogbo wèrè. Wọ́n mọ wèrè ìran, wọ́n mọ èyí tí wọ́n ní ayé fi ṣeni, wọ́n sì mọ wèrè aláṣọ, ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, tó ń kí èèyàn, àmọ́ tí ará ilé rẹ̀ nìkan mọ ohun tí ojú wọn ń rí lóru. Wọ́n mọ abísínwín pẹ̀lú. Èyí ni kò ṣeé fi falẹ̀ rárá: kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ìyá ọmọ tuntun kò bá sùn fún òru méjì, tó ń sọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, tó ní ọmọ tí wọ́n gbé fún òun kì í ṣe ọmọ òun, ẹ má dúró de ọjọ́ ìkómọ. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí ẹlòmíràn gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má sì fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀. Àìsàn yìí ń gbóògùn dáadáa bí a bá tètè dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àgbà kan wà tí èmi kò gbà: wọ́n ní wèrè tó bá ti wọ ọjà kò ṣeé wò mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ ìdílé káwọ́ kúrò lórí ọmọ wọn. Ẹni tó ti pẹ́ nínú àìsàn náà ṣì lè rí ìtura bó bá rí oògùn àti olùtọ́jú. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú, ẹni tó sì ń sùn lábẹ́ àtíbàbà ọjà kò tíì kú.

Bí a bá ń wá ọgbọ́n ìbílẹ̀ tó wúlò fún ìtọ́jú ọpọlọ, Abẹ́òkúta ni mo máa ń tọ́ka sí. Láyé amúnisìn, ilé ìtọ́jú aláìsàn ọpọlọ ní Yaba, l'Ékòó, ni wọ́n ń kó àwọn aláìsàn wọ̀nyí lọ láti ọdún 1907. Nígbà tó di 1944, wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú Lantoro l'Abẹ́òkúta, ibi tó ti jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀. Ní 1954 ni Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kàwé ìṣègùn ní Birmingham, tó tún kọ́ ìtọ́jú ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro, l'Abẹ́òkúta náà. Wọn ò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà tán. Lambo kò dúró de bíríkìlà. Ó tọ àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká lọ pé kí wọ́n fi yàrá háyà fún àwọn aláìsàn.

Àdéhùn kan ló wà níbẹ̀ tí n kò lè gbàgbé láé: aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ó kéré tán, mọ̀lẹ́bí kan gbọ́dọ̀ bá a wá, ìbáà jẹ́ ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á rìn lọ sílé ìwòsàn, aláìsàn á gba abẹ́rẹ́ àti oògùn rẹ̀. Lọ́sàn-án, wọ́n á padà sí abúlé, mọ̀lẹ́bí yẹn á dáná, á fọ aṣọ, á jókòó tì í. Ilé ìwòsàn yá àwọn ará abúlé lówó kí wọ́n fi yàrá kún ilé, ó fa omi wá fún wọn, ó bá wọn gbógun ti ẹ̀fọn. Owó háyà ń wọlé, nítorí náà aláìsàn kì í ṣe ìnira fún abúlé. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ní 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti káàkiri Áfíríkà àti òkè òkun péjọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n wá wò ó. Lambo fúnra rẹ̀ padà di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń fi gbogbo ìyìn fún oníṣègùn àti dókítà. Lójú tèmi, ìkòkò ọbẹ̀ mọ̀lẹ́bí tó bá aláìsàn wá yẹn tó ìdajì ìtọ́jú. Lóde òní, a ó gbé ènìyàn wa sílẹ̀ nílé ìwòsàn, a ó san owó ìdúró, a ó sì pa fóònù. Ẹ jókòó nínú ẹbí kí ẹ tó lọ, kí ẹ pín ọ̀sẹ̀ láàárín ara yín. Kí ẹni tọ́sẹ̀ kàn mọ orúkọ oògùn, kí ó mọ àkókò rẹ̀, kí ó rí i pé ó gbé e mì. Bó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹ kò gbọ́, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì fi ṣẹ̀sín. Mo ṣàkíyèsí pé àwọn obìnrin ni iṣẹ́ yìí ń já lé léjìká nígbà gbogbo. Ẹ̀yin ọkùnrin ilé, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ wá gba òru tiyín.

Ti ewé àti egbò ńkọ́? Asofẹ́yẹjẹ kì í ṣe irọ́. Gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn wa fi ń mú ẹni tó ń le rọlẹ̀. Láti ara ìbátan igi yìí tó ń hù ní Íńdíà ni wọ́n ti yọ oògùn reserpine ní Siwisalandi ní 1952, oògùn náà sì wà lára àwọn tí ilé ìwòsàn kọ́kọ́ fi wo wèrè. Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Aro ní ìparí àwọn ọdún 1950, kọ̀wé nípa bí àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń lò ó. Àmọ́ ohun tó ń mú ara rọ̀ yẹn náà ló ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì lè mú ìbànújẹ́ wọni lọ́kàn. Kò sí ẹni tó ń wọn ìwọ̀n rẹ̀ nínú àgbo. Bí ó bá pàdé hóró oògùn ilé ìwòsàn nínú ara kan náà, aláìsàn lè dákú. Ẹ sọ gbogbo àgbo tó ń mu fún dókítà, kódà bó bá máa fajú ro.

Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, pàṣán àti ìfebipani ni kí a fi sílẹ̀ sẹ́yìn. Kì í ṣe ilé oníṣègùn nìkan ni wọ́n wà: ní 2019, Human Rights Watch ròyìn pé wọ́n ń de èèyàn mọ́lẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti nílé àwọn àáfà ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ní àṣà wa ni, ẹ bi í bóyá àṣà yẹn ló fẹ́ kí wọ́n fi tọ́jú òun.

Àṣà tó yẹ kí a mú padà ni ti ọjọ́ ìdágbére. Bí ara aláìsàn bá yá tán, àwọn oníṣègùn míì á fá orí rẹ̀, wọ́n á mú un lọ sódò, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, aṣọ àtijọ́ á bá omi lọ, wọ́n á wọ tuntun fún un. Ẹlẹ́sìn kò ní láti bẹ odò. Ohun tí ètò yẹn ń ṣe ni pé ojú àwùjọ rí i pé ẹni yìí ti kúrò lórí àìsàn. Nítorí náà, ẹ ṣe ìdúpẹ́ ní mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ pe àwọn ará àdúgbò, kí ẹ sì dá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ padà fún un. Kí ó má ṣe dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ayẹyẹ o. Ibẹ̀ ni púpọ̀ ti ń ṣubú padà.

Ó ku ẹni tí ẹbí ti mú lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn tàbí wòlíì, tí bàbá àgbà ní kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ní Ìbàdàn àti Kumasi ní Gánà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa bá aláìsàn nílé oníṣègùn àti nílé àdúrà, kí wọ́n jọ máa tọ́jú rẹ̀. Àwọn aláìsàn 307 ló wà nínú ìwádìí náà, tí ìwé ìròyìn Lancet gbé jáde ní 2020. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí wọ́n tọ́jú bẹ́ẹ̀ yá ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì ní ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé àdúgbò yín. Lẹ́yìn náà, ẹ kúnlẹ̀ kí oníṣègùn tàbí wòlíì yẹn, kí ẹ bi í bí nọ́ọ̀sì bá lè máa wá, bí ẹnì kan nínú yín bá lè máa sùn tì í, bí ẹ bá lè wo ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá àpá ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà níbẹ̀. Bó bá kọ̀ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ gbé ènìyàn yín kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.