Bí A Ṣe Ń Sọ Ẹ̀kọ́ Kíláàsì Di Ẹ̀kọ́ Orí Fóònù

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan nítòsí ilé. Ká ní wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti Òkè-Ìlá, Ọ̀rà àti àwọn abúlé àyíká wá sí Ìlá-Ọ̀ràngún fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ di aago mẹ́ta ọ̀sán, olùkọ́ ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tó yá, ọ̀gá ní owó ọkọ̀ ti pọ̀ jù, kí wọ́n gbé ẹ̀kọ́ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó kọ́kọ́ ń sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni pé kí wọ́n gbé kámẹ́rà kalẹ̀, kí wọ́n ká wákàtí mẹ́fà náà sílẹ̀, kí wọ́n sì fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ìdí tí ìyẹn kì í fi í ṣiṣẹ́, ká sì wo ohun tó ń ṣiṣẹ́.

Inú ọpọlọ la ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà fóònù tí ẹ kò rí rí lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ gbójú kúrò, kí ẹ wá kà á lórí. Nọ́ńbà 11 ni, ṣùgbọ́n díẹ̀ ti máa bọ́ nínú rẹ̀. Ní 1956, George Miller ará Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé nǹkan bí méje ni ọkàn lè gbé dání lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn olùwádìí tó tẹ̀ lé e ní kò ju bíi mẹ́rin lọ. Ọkàn dà bí akèrègbè: ẹni tó bá ti rí adẹ́mu Ìlá lẹ́nu iṣẹ́ mọ bí ọ̀rùn rẹ̀ ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Bí a bá rọra da ẹmu sí i, yóò wọlé. Bí a bá dà á wùyà, ilẹ̀ ni yóò mu ún.

Èyí tó wọlé pàápàá ń jò. Hermann Ebbinghaus, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, fi ara rẹ̀ ṣe ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní 1885. Ó há àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, ó sì ń wo bí yóò ṣe pẹ́ tó kó tó lè tún wọn há. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó ju ìdajì iṣẹ́ àkọ́kọ́ lọ tó ti ṣòfò. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti lọ. Ẹ̀kọ́ tó nítumọ̀ máa ń pẹ́ lórí ju ìyẹn lọ, àmọ́ ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà lọ: kíákíá ní ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn náà.

Kí wá ló ń dí ibi tó ń jò? Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kan ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan ń tún un kà. Àwọn yòókù pa ìwé dé, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló borí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn tó wá a jáde láti inú orí ara wọn ló rántí jù. Bí a bá bi èèyàn ní ìbéèrè, tó sì ronú kó tó dáhùn, ìdáhùn náà á túbọ̀ ta gbòǹgbò.

Ẹ má sì gbàgbé ìwọ̀n dátà. Fídíò tó mọ́ níwọ̀nba lè jẹ megabit kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bit mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan, nítorí náà ìṣẹ́jú kan jẹ́ megabáìtì 7.5, wákàtí mẹ́fà sì jẹ́ 2,700. Òṣìṣẹ́ wo ni yóò ra dátà yẹn? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ohùn lásán, ní kilobit 64 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò tó megabáìtì márùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká wá tún ẹ̀kọ́ náà gé. Ká mú apá tó dá lórí ọwọ́ fífọ̀ nìkan. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: kí la fẹ́ kí òṣìṣẹ́ yìí lè ṣe lọ́la? A ó ṣe fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta: àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, àtàǹpàkò, ṣóńṣó ìka. Ohùn ni yóò máa ṣàlàyé. A ò ní kọ ọ̀rọ̀ gígùn sójú àwòrán, torí ojú kò lè máa kàwé kó tún máa wo ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè: “Ẹ ti yẹ ọmọ tó ń ṣu gbuuru wò tán, aláìsàn mìíràn sì ń dúró. Kí lẹ máa ṣe, báwo ni yóò sì ṣe pẹ́ tó?” Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí ó fọwọ́; Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó gba ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60, pẹ̀lú ọṣẹ àti omi. Lọ́jọ́ kejì, ìbéèrè náà á tún yọjú lọ́nà mìíràn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn oṣù kan.

Bí nẹ́tíwọ̀kì kò bá dúró ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti fi ọ̀nà kan hàn. Ní 2013, nígbà ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, wọ́n gbé ẹ̀rọ tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Wọ́n ti kó ìwé lórí iṣẹ́ 17 àti ìbéèrè ìdánwò sínú rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ ọmọ. Ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ lè rí bẹ́ẹ̀: kó gbà á sílẹ̀ ní Ìlá, kó kọ́ ọ lábúlé.

Ohun kan wà tí fóònù kò lè gbà lọ́wọ́ olùkọ́. Ìlá-Ọ̀ràngún ni wọ́n bí Lámídì Fákẹ́yẹ, gbajúgbajà agbẹ́gilére, sí, inú ìdílé tó ń gbẹ́ ère. Síbẹ̀, ó lọ sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti kọ́ṣẹ́ sí i lọ́dọ̀ agbẹ́gilére mìíràn, George Bándélé, torí ojú ọ̀gá ni ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ ti ń tọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ gígún àti ẹ̀bí gbígbà. Ẹ jẹ́ kí fóònù gbé àlàyé àti ìbéèrè, kí ọjọ́ ìpéjọ jẹ́ ti iṣẹ́ ọwọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó gbé kámẹ́rà, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ kí òṣìṣẹ́ lè ṣe sílẹ̀ ní gbólóhùn kan. Bí ẹ kò bá tíì rí i kọ, ẹ má tíì ká ohunkóhun sílẹ̀.