Kí Ni Kí N Pe Sínóò fún Ìyá Àgbà? Ẹ̀kọ́ Ìṣẹ̀dá Ọ̀rọ̀ Láti Ìlú Sapporo

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò: bí ohun kan kò bá sí nílẹ̀ wa, báwo ni èdè wa ṣe ń sọ ọ́ lórúkọ? Inú kíláàsì ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀, mo sì kọ ọ́ dáadáa nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n ìlú Sapporo, ní erékùṣù Hokkaido ní àríwá Japan, ló ti yé mi.

Ètò pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló gbé mi dé Tokyo fún sáà kan. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Kejì, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì, ọmọ Kano kan àti ọmọ Japan kan tí wọ́n bí ní Hokkaido, wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ wo ọdún tí wọ́n ń pè ní Yuki Matsuri. Yuki ni ohun funfun tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run. Matsuri ni ọdún, irú èyí tí à ń ṣe fún òrìṣà tàbí fún ìlú.

Ohun tí a bá níbẹ̀

Ọgbà Odori gùn tó kìlómítà kan ààbọ̀ láàárín ìlú. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ti gbẹ́ ère 6 lọ́dún 1950. Bí ọdún náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún 1955, àwọn ọmọ ogun Japan dá sí i, ère sì bẹ̀rẹ̀ sí í ga bí ilé. Ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù tó wáyé ní Sapporo lọ́dún 1972 sọ ọ́ di mímọ̀ káàkiri ayé. Lóde òní, àwọn tó ń wá wò ó máa ń tó bíi mílíọ̀nù 2.

Ohun tó fà á tí èyí fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ kò ṣòro fún wa láti lóye. Ẹ rántí ọyẹ́. Atẹ́gùn gbígbẹ láti aginjù Sàhárà ló ń gbé eruku wá bá wa. Ní àkókò kan náà, atẹ́gùn tútù gbígbẹ ń fẹ́ láti Siberia, ó ń gba orí òkun Japan kọjá, ó ń fa omi mọ́ra, ó sì ń da omi náà sílẹ̀ sórí Hokkaido ní dídì. Eruku ni tiwa, funfun ni tiwọn.

Ẹsẹ̀ wa kò mọ ilẹ̀ yẹn. Ọmọ Kano ṣubú lẹ́ẹ̀mejì kí a tó dé ọgbà. Ọmọ Hokkaido ní ká máa gbé ẹsẹ̀ kékeré kékeré bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn.

Ìdánwò tí n kò múra sílẹ̀ fún

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo pe ìyá àgbà. Wákàtí 8 la fi ṣáájú wọn, nítorí náà ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wọn.

"Ẹ kú ọ̀sán o, mà. Sínóò ń bọ́ níbí."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ mi?"

"Yìnyín ni, mà."

"Yìnyín! Ẹ tètè wọlé o! Ṣé kò bà ọ́ lórí?"

Yìnyín tí ìyá àgbà mọ̀ ni èyí tó ń fa ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ya, tó ń ró lórí páànù. Mo ní, "Kò le rárá, mà. Ó fúyẹ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú." Wọ́n ní, "A jẹ́ pé kì í ṣe yìnyín nìyẹn."

Mo wá rántí ọ̀rọ̀ kan. "Òjò dídì ni, mà." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Òjò dídì inú ìwé Aísáyà? Láti kékeré ni mo ti ń kà á. Mo mọ̀ pé ó funfun, n kò mọ̀ pé èèyàn lè dúró nínú rẹ̀." Wọ́n tún béèrè pé, "Ṣé ó ń pa yín báyìí?"

N kò lè dáhùn. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè. Ìpè orí fóònù kan ló fi hàn mí pé n kò tíì lè fi èdè ìyá mi ṣàlàyé ohun tí mo dúró sí nínú. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà mẹ́ta tí mo gbìyànjú.

Ọ̀nà kìíní: yíyá ọ̀rọ̀

*Sínóò* tẹ̀lé òfin fonọ́lọ́jì wa. Yorùbá kò gba ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, nítorí náà a fi fáwẹ́lì *í* sáàárín *s* àti *n*, bí a ṣe fi *ú* sáàárín *b* àti *r* nínú *búrẹ́dì*. Àbùkù rẹ̀ ni pé búrẹ́dì wà lójà, ojú mọ̀ ọ́n, ẹnu mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò rí sínóò rí, tí kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ariwo lásán ló gbọ́.

Ọ̀nà kejì: fífẹ ìtumọ̀ lójú

*Yìnyín* ń tọ́ka sí èyí tó ń bá òjò bọ́, ó tún ń tọ́ka sí omi tó dì nínú fíríìjì. Bí a bá tún fi sínóò lé e, ẹrù ti pọ̀ lórí rẹ̀. Mo rí i ní Sapporo fúnra mi. Ní àdúgbò Susukino, omi dídì tó mọ́ gaara bíi gíláàsì ni wọ́n fi ń gbẹ́ ère. Kōri ni wọ́n ń pè é. Ní Odori, yuki ni. Bí mo bá pe méjèèjì ní yìnyín, ìyá àgbà kò ní mọ̀ pé ọjà méjì ni mo ná.

Ọ̀nà kẹta: àpèjúwe

*Òjò dídì* jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìṣe *dì* tí a ṣe àpètúnpè ẹlẹ́bẹ fún: dì, dídì, bíi jẹ, jíjẹ. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí Samuel Ajayi Crowther jẹ́ òpómúléró wọn, ti ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀: yìnyín ló rọ̀ sórí Íjíbítì, òjò dídì ló funfun nínú Aísáyà. Ìyá àgbà ti ní ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ kí wọ́n tó bí mi.

Ó tún bá àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe òjò rìn: ó lè ṣú, ó lè rọ̀, ó lè dá. Ibi tí ó ti kùnà ni *pa*. Bí òjò bá pa èèyàn, aṣọ rẹ̀ á tutù. Èyí tó bọ́ lé wa lórí gbẹ. A kàn gbọ̀n ọ́n nù ni. Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé, "Ó ń bọ́ lé wa lórí, mà, àmọ́ kò pa wá."

Ojú tí èdè mìíràn fi wò ó

Ọmọ Kano sọ pé *dusar ƙanƙara* ni Hausa ń pè é. Ƙanƙara ni yìnyín. Dusa ni eèrí ọkà. Eèrí yìnyín! Àwọn tó ń gún ọkà rí eèrí, àwa tí òjò ń rọ̀ fún rí òjò. Èdè Japan náà fara mọ́ tiwa: ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà, *furu*, ni wọ́n ń lò fún òjò àti yuki.

Ẹ ti gbọ́ ìtàn pé àwọn Inuit ní ọ̀rọ̀ tí kò níye fún sínóò. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ 4 péré ni Franz Boas mẹ́nu bà nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1911. Àwọn ẹlòmíràn ló ń bù ú kún. Geoffrey Pullum tú àṣírí ìtàn náà nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1991. Iye ọ̀rọ̀ kọ́ ló yẹ ká máa kà, iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe ni.

Èmi ti mú tèmi: òjò dídì fún yuki, yìnyín fún kōri. Nígbà tí mo tún pe ìyá àgbà lọ́sẹ̀ kejì, kí n tó kí wọn tán ni wọ́n béèrè pé, "Òjò dídì yẹn ńkọ́, ṣé ó ti dá?"

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Omi òjò là ń gbè sínú garawa, a kì í pè é ní òjò mọ́. Kí ni ká wá pe òjò dídì tó ti wà nílẹ̀?

2. À ń gbẹ́ igi, à ń mọ amọ̀. Ní Odori, wọ́n á kó òjò dídì jọ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kó le, kí wọ́n tó fi irin gé e. Ṣé gbígbẹ́ ni àbí mímọ? Ẹ bi àgbàlagbà kan nílé yín, kí ẹ sì kọ ohun tó sọ sílẹ̀ kí ẹ tó kọ èrò tiyín.