Ẹ Má Fi Ìpèníjà Ara Yín Pamọ́ fún Ilé-Ìwé

Ìbéèrè: Yunifásítì kan ní England ti gbà mí wọlé fún oyè másítà. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló bá mi jà ní kékeré, ọ̀pá méjì ni mo fi ń rìn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà fi físà dù mí. Kí ni kí n ṣe?
*Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire. Ìfẹ́ ló mú àwọn ẹ̀gbọ́n yín sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yẹn. Bóyá ọ̀rọ̀ Kánádà tàbí Australia ni wọ́n gbọ́, níbi tí ìjọba ti máa ń ṣírò iye tí ìtọ́jú àlejò lè ná wọn. Ti ìlú Ọba kò rí bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò ìlera tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ lò ju oṣù 6 lọ níbẹ̀, ti ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, kì í ṣe ti ẹsẹ̀.

Ilé-ìwé gan-an ló yẹ kí ẹ tètè sọ fún. Òfin Equality Act ti ọdún 2010 pọn ọn ní dandan fún wọn láti ṣe àtúnṣe tó bá yẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìpèníjà ara: yàrá tí kò ní àtẹ̀gùn, kíláàsì tó wà nísàlẹ̀, àfikún àkókò nínú ìdánwò. Wọn kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín fún un, òfin náà kò sì yọ àlejò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀. Ẹni tó bá débẹ̀ kó tó la ẹnu lè bá a pé wọ́n ti pín in tán.

Ẹ̀tọ́ yàtọ̀ sí owó o. Físà akẹ́kọ̀ọ́ kò fàyè gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Ẹ kò ní rí Personal Independence Payment gbà, ẹ kò sì ní rí Disabled Students' Allowance. Ohun tí ẹ óò rí ni ìtọ́jú NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, nítorí pé ẹ óò ti san £776 fún ọdún kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ bá ń gba físà.

Láti oṣù January 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ másítà kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Bí ẹnìkan bá ń bá yín fọṣọ tàbí gbé ẹrù nílé, ẹ ti mọ ẹni tí yóò ṣe é lọ́hùn-ún kí ẹ tó wọ bàálù. Ẹ ra rọ́bà ìdí ọ̀pá tuntun pẹ̀lú, torí yìnyín máa ń mú ilẹ̀ yọ̀ nígbà òtútù.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìpèníjà ara. Ẹ bi wọ́n pé: Báwo ni yàrá ṣe jìnnà sí kíláàsì tó? Bí ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè bá bàjẹ́, ta ni kí n pè? Ẹ gba ìdáhùn wọn ní àkọsílẹ̀ kí ẹ tó san owó kankan. Ilé-ìwé tó bá ń yẹ irú ìbéèrè wọ̀nyí sílẹ̀ kò tíì múra dè yín. Ẹ wá òmíràn.