Àpá Inú Ọkàn: Ohun tí ó ń mú Ìtọ́jú Rẹ̀ Yọrí tàbí Kùnà

Ẹ̀yin ìyá àti gbogbo ará ilé ní Akotogbo, bí ẹnì kan nínú ilé yín bá ti ní ìkọlù ọkàn rí, tí ó sì yè é, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Nígbà ìkọlù náà, iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn dí, apá kan ẹran ọkàn sì kú. Bí ojú ibẹ̀ bá jinná, àpá ni yóò kù.

Agbára iná tín-ń-tín kan ni ó ń mú ọkàn lù. Bí ó bá dé ibi àpá, ó lè máa yí i po gẹ́gẹ́ bí omi odò ti í yí kùkùté po. Nígbà náà ni ọkàn yóò máa lù kìkì láìsinmi. Òòyì lè kọ́ aláìsàn, ó lè dákú, ó sì lè kú lójijì.

Oògùn wà fún un. Àwọn dókítà tún lè ti rọ́bà tín-ín-rín gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ orí itan dé inú ọkàn, kí wọ́n sì fi ooru jó ọ̀nà òdì tí iná náà ń gbà. Àwọn dókítà Kánádà ṣaájú ìwádìí kan lórí aláìsàn 416 irú èyí, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2024. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́rin, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a jó ọ̀nà náà fún, bí 51 ni ó kú tàbí tí ìlù òdì líle tún padà bá. Nínú àwọn tí ó lo oògùn, bí 61 ni. Ó sàn jù, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé kì í ṣe ìwòsàn pátápátá.

Kí ló fà á? Ìtóbi àpá ni olórí rẹ̀. Àpá ńlá a máa ní ọ̀nà òdì púpọ̀. Bí a bá jó ọ̀kan tán, òmíràn lè ṣí. Ọkàn tí kò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde kì í fara da iṣẹ́ náà dáadáa. Ọjọ́ orí, àtọ̀gbẹ àti àìsàn kíndìnrín náà ń ṣèdíwọ́.

Ìtọ́jú yìí ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó máa ń pinnu bí àpá yóò ti tóbi tó, ọwọ́ ará ilé sì ni wákàtí wọ̀nyẹn wà. Bí bàbá bá ti oko dé, tí ó di àyà mú, tí òógùn tútù bò ó, tí ìrora ń lọ sí apá òsì tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ má ṣe pè é ní ọgbẹ́ inú, kí ẹ máa fún un ní àgbo títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Mo mọ̀ pé mọ́tò kì í wọ́pọ̀ lóru. Ẹ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò tí ó ní, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Òkìtìpupa. Ti obìnrin lè yàtọ̀: àárẹ̀, èémí tí kò délẹ̀ àti èébì lè jẹ́ gbogbo àmì tí yóò hàn, ìdí nìyí tí a fi ń fojú fo ti ìyá jù.

Ẹni tí ó ti yè é, kí ó máa lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó sì jáwọ́ nínú sìgá. Ẹ dín iyọ̀ inú ọbẹ̀ tí ó fi ń jẹ púpurú kù. Bí àyà rẹ̀ bá ń lù kìkì nígbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́, tí òòyì sì ń kọ́ ọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí náà gan-an, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ó ti ní ìkọlù ọkàn rí.