Ọpọlọ: Àmáánà Tí Kò Ní Ààrọ̀

  

Láti Oshodi títí dé Isolo, à ń rí àwọn ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ń mu omi oògùn ikọ́ tó ní codeine, tí wọ́n sì ń gbé tramadol mì, láìṣe pé ara wọn kò yá. Wọ́n ní, "Kì í ṣáà ṣe ọtí." Ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò.

1. Sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ kéékèèké tí Ọlọ́hun fi mọ ara wa. Bí ọ̀bẹ bá gé wa níka, sẹ́ẹ̀lì awọ ara á pín sí méjì, méjì á di mẹ́rin, títí egbò á fi jiná. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé ìròyìn kiri nínú ọpọlọ kì í pín mọ́ lẹ́yìn ìbí. Èyí tó bá kú, ó lọ nìyẹn.

2. Risẹ́pítọ̀. Lára sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ni ohun kan wà bí àgádágodo, tí a ń pè ní risẹ́pítọ̀. Ọlọ́hun fún ara ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ tí ń dín ìrora kù. Bí codeine bá dé ẹ̀dọ̀, apá kan rẹ̀ á di morphine, á sì ṣí àgádágodo kan náà. Candace Pert àti Solomon Snyder fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní 1973 ní Johns Hopkins, ní Amẹ́ríkà. Ní 1985, àwọn onímọ̀ níbẹ̀ fi ẹ̀rọ PET ya àwòrán rẹ̀ nínú ọpọlọ alààyè.

3. Ewu. Risẹ́pítọ̀ yìí wà níbi tí ọpọlọ ti ń darí mímí. Bí oògùn bá pọ̀ jù, mímí á falẹ̀, afẹ́fẹ́ kò ní tó ọpọlọ, sẹ́ẹ̀lì tí kò ní ààrọ̀ á sì máa kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2018, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ṣíṣe omi oògùn ikọ́ tó ní codeine àti kíkó o wọlé.

4. Ìdájọ́. Ànábì (S.A.W.) ṣe gbogbo ohun tí ń pani lọ́bọlọ̀ ní èèwọ̀, kò wo orúkọ tó wà lára ìgò. Nínú Súrátul-Baqarah, áyà 195, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti fi ọwọ́ ara wa fa ìparun. Èyí tí dókítà fún aláìsàn ní ìwọ̀n yàtọ̀ sí èyí.

5. Ojúṣe wa. Bí ẹnì kan bá lo oògùn tí a kò rí i jí, ẹ má da epo tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹni tó ti di bárakú fún, ẹ má ta á nù. Ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Yaba ń tọ́jú irú wọn.

Ìbéèrè: Ta ni nínú ẹgbẹ́ wa tí a ti dákẹ́ lé lórí?

Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ àmáánà wa. Àmín.