Ẹ Má Fi Símẹ́ńtì Funfun Bo Àṣìṣe

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ púlọ́ńbà, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Ọ̀rọ̀ WC tí à ń gbé ka orí táìlì ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí n kò gbàgbé títí di òní.

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, wọ́n rán mi lọ gbé WC kan kalẹ̀ nílé oníbàárà. Táìlì tuntun ni wọ́n tẹ́ lé ti àtijọ́ lórí. Mo rí i pé ẹnu páìpù ti rì sínú ilẹ̀, ọrùn àwo náà kò sì wọ inú rẹ̀ dáadáa. Dípò kí n padà lọ sọ fún ọ̀gá mi, mo po símẹ́ńtì funfun, mo fi lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo nu ún, ó ń dán. Kò pẹ́ tí òórùn fi gba ilé. Nígbà tí a máa tú u, símẹ́ńtì ti di òkúta: àwo fọ́, táìlì méjì sì bá a lọ. Ọ̀gá mi kò nà mí. Ohun tí wọ́n sọ kò ju pé ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Nítorí náà, kí oníbàárà tó ra WC ni kí ẹ ti mú téèpù. Èyí tó ń da omi sí ilẹ̀ wà, èyí tó ń dà á sí ara ògiri náà wà. Bí ó bá jẹ́ ti ilẹ̀, ojú táìlì ara ògiri ni kí ẹ ti wọn ọ̀nà dé àárín páìpù, kì í ṣe ara búlọ́ọ̀kù. Ẹ rántí pé táìlì ń gbé ilẹ̀ ga. Bí ẹnu páìpù bá ti rì, ẹ fi páìpù mú un gùn sókè, kí ẹ sì fi rọ́bà tó bá a mu so ọrùn àwo mọ́ ọn. Omi bí ìnṣì méjì tó máa ń dúró sínú ọrùn àwo ló ń dí òórùn sokawéè lọ́nà. Ṣùgbọ́n òórùn tó bá gba ẹ̀gbẹ́ páìpù yọ, omi yẹn kò lè dá a dúró.

Kí ẹ tó lu ihò bóòtù tí yóò di àwo mú sára táìlì, ẹ bèèrè ibi tí páìpù omi gbà kọjá lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ fi ìka kan táìlì náà. Bí ó bá dún bí àgbá òfìfo, símẹ́ńtì abẹ́ rẹ̀ kò kún, ẹ ní kí ẹni tó tẹ́ ẹ tún un ṣe. Ẹnu dírìlì tí wọ́n ṣe fún táìlì ni kí ẹ lò, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa gbá bí òòlù títí yóò fi la táìlì kọjá. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí àwo bá ń mì, ẹ fi rọ́bà pẹlẹbẹ tì í lábẹ́ títí yóò fi dúró gbọnyin. Ẹ de bóòtù díẹ̀ lọ́tùn-ún, ẹ dè é díẹ̀ lósì. Amọ̀ tí a sun ni àwo náà. Bí ó bá sán, kò sí oògùn rẹ̀.

Ẹ ṣan omi sí i nígbà mẹ́wàá, kí ẹ fi bébà gbígbẹ nu gbogbo oríkèé. Bí bébà bá tutù, iṣẹ́ kò tíì tán. Bí ó bá gbẹ, ẹ wá fi sílíkóònù yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, ṣùgbọ́n ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn. Bí omi bá jò lọ́jọ́ iwájú, ibẹ̀ ni yóò gbà jáde kí onílé lè tètè rí i, kó tó ba ilẹ̀ jẹ́, kó tó dé àjà ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, oníbàárà kò lè rí abẹ́ àwo. Ẹ̀yin nìkan lẹ rí i. Bí ohun kan kò bá wọ, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ máa mú yín pẹ́ dòru. Mo bẹ̀ yín, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ sì gba owó lọ.